Yíyan Aṣọ Tí Ó Yẹ fún Nínu Fèrèsé Onídígí

ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí ẹni tí ó fi nínu fèrèsé ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ṣe lè mọ aṣọ tí ó dára jù lọ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlapa Èrò
(a) Ìfáàrà: ipò tí aṣọ wà nínú iṣẹ́ yìí
(b) Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì ní Oko Ọba
(d) Irú ìdọ̀tí tí a ń nù
(e) Ohun mẹ́ta tí a ń wò lára aṣọ
(ẹ) Oríṣiríṣi aṣọ, ìwúlò àti àléébù wọn
(f) Bí a ṣe ń dán aṣọ wò kí a tó rà á
(g) Bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀
(gb) Ìkádìí

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwe yìí láti fi hàn pé ìrírí ju ọrọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé àkísà pàápàá ní iyì tirẹ̀. Iṣẹ́ kan wà láàárín wa tí àkísà jẹ́ ohun-èlò pàtàkì fún un, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ ti jẹ́ fún àgbẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì jẹ́ fún aránṣọ. Iṣẹ́ náà ni nínu fèrèsé onídígí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé fún ọ, ìwọ òǹkàwé mi, ni bí ẹni tí ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ṣe lè yan aṣọ tí yóò máa lò. Má ṣe rò pé aṣọ tí ó tuntun jù tàbí èyí tí ó wọ́n jù ni mo fẹ́ kí ó rà. Aṣọ tí ó dára jù ni èyí tí ń mu omi, tí kì í tú òwú sílẹ̀, tí kò sì gbé iyanrìn pamọ́ sínú.

Kí ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì? Wo Oko Ọba ní ìhà Agége, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ àdúgbò yìí fi hàn pé oko ni ibẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n lónìí ilé ti gba ipò igbó. Kò jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ìkejà, Ọ̀gbà àti Agídíngbì. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà. Ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, ti Cadbury sì tẹ̀ lé e ní 1965. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá wà, ọ́fíìsì yóò wà níbẹ̀. Ibi tí ọ́fíìsì bá sì wà, fèrèsé onídígí kò ní ṣàì sí. Ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí ó kọjú sí títì, gbogbo wọn ni ó fẹ́ kí dígí wọn mọ́ gaara. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń nu dígí wọ̀nyí fún wọn ń rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀.

Bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ó lè pa á rẹ́. Bí alágbàfọ̀ bá fọ aṣọ tí kò mọ́, ó lè tún un fọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń nu fèrèsé bá fi aṣọ tí kò yẹ ha ojú dígí, omi ti dànù, kò ṣe é kó mọ́. Kò sí ọṣẹ tí a lè fi fọ àpá náà kúrò. Onílé lè ní kí òṣìṣẹ́ náà san owó dígí, owó yẹn sì lè ju ohun tí ó ń gbà ní odidi oṣù kan lọ. Ó tún lè pàdánù iṣẹ́ náà pátápátá. Àkísà kan ṣoṣo ni ó sì fa gbogbo rẹ̀.

Kí a tó mọ aṣọ tí ó yẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdọ̀tí tí a fẹ́ nù. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lára fèrèsé ní Oko Ọba.

Èkínní ni eruku àti iyanrìn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku náà ń ti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, ọ̀nà tí ó ju 1,500 kìlómítà lọ sí Èkó. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní kúọ́tíìsì, òun náà ni ó sì pọ̀ jù nínú iyanrìn. Ní 1812, onímọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Mohs, ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, láti 1 títí dé 10. Dáyámọ́ńdì ni ó gba 10. Kúọ́tíìsì gba 7, ṣùgbọ́n dígí fèrèsé wà láàárín 5 àti 6. Iyanrìn ni a ń yọ́ láti fi ṣe dígí, nítorí náà ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n iyanrìn le ju dígí lọ. Bí o bá wá fi aṣọ gbígbẹ nu dígí tí eruku bò, kì í ṣe aṣọ ni ó ń ha á. Iyanrìn tí aṣọ ń wọ́ káàkiri ojú rẹ̀ ni.

Èkejì ni èéfín olóròóró. Jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Odò ẹran ńlá sì wà ní Oko Ọba, ibi tí a ti ń pa màlúù fún àwọn ará Èkó. Ẹni tí ó bá sì mọ bí a ṣe ń ṣe pọ̀nmọ́ mọ̀ pé a máa ń fi iná jó irun ara awọ dànù kí a tó fọ̀ ọ́. Èéfín irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ọ̀rá dání, ọ̀rá náà sì máa ń lẹ̀ mọ́ dígí. Aṣọ nìkan kò lè ká èyí. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ṣe ni aṣọ yóò máa pín ọ̀rá náà káàkiri bí ẹni ń fi òróró pa ara.

Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí ilé tuntun: sìmẹ́ńtì, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ bébà mọ́ dígí. Sìmẹ́ńtì tí ó rin máa ń jẹ dígí díẹ̀ díẹ̀ bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀, bí ó bá sì gbẹ, iyanrìn inú rẹ̀ di ohun tí ń ha dígí. A ní láti da omi sí i títí yóò fi rọ̀ kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Àkísà tí a bá fi ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dé ara fèrèsé mìíràn mọ́.

Nígbà tí a ti mọ ìdọ̀tí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta tí a ń wá lára aṣọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ó máa mu omi. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ kì í ṣe omi lásán. Ó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Bí ẹ̀kán omi bá gbẹ sí ojú dígí, omi yóò lọ, iyọ̀ yóò sì kù bí àbàwọ́n roboto. Aṣọ tí ń mu omi kíákíá ni ó lè dí èyí lọ́wọ́. Òwú ni ọ̀gá nínú èyí. Nínú afẹ́fẹ́ tí kò gbẹ jù tí kò sì rin jù, ọ̀rinrin tí òwú ń fà mọ́ra máa ń tó 8.5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ti pọ́lísítà kò ju nǹkan bí 0.4 lọ. Ẹ̀wẹ̀, òwú máa ń lágbára sí i nígbà tí ó bá rin, nítorí náà kì í tètè ya lọ́wọ́ ẹni tí ń fún un.

Ohun kejì ni pé kí ó má ṣe tú òwú wẹ́wẹ́ sílẹ̀. O lè nu dígí títí kí ó mọ́, kí oòrùn tó là kí o rí i pé òwú funfun ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú rẹ̀. Aṣọ tí okùn rẹ̀ gùn, tí a hun mọ́ra dáadáa, tí a sì ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kẹta ni pé kí ó rọ̀, kí ohunkóhun tí ó le má sì sí lára rẹ̀. Bọ́tìnì, síìpù, ìṣẹ́tí tí ó nípọn, àwòrán tí a fi rọ́bà tẹ̀ sí àyà síńgílẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìwọ̀nyí ni a ní láti gé kúrò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn aṣọ tí ó wà ní ìkáwọ́ wa yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aṣọ òwú tí ó ti gbó ni a ó fi ṣáájú. Bẹ́díṣíìtì òwú, síńgílẹ́ẹ̀tì àti nápíkìn pẹlẹbẹ tí ọmọ ọwọ́ ti lò tí ó ti dàgbà kọjá rẹ̀ wà lára èyí tí ó dára jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Aṣọ tuntun máa ń ní sítáàṣì lára láti ilé-iṣẹ́ wá, sítáàṣì náà kì í sì jẹ́ kí ó mu omi. Ó tún máa ń fi ìlà funfun sílẹ̀ lójú dígí. Fífọ̀ lemọ́lemọ́ ni ó ń mú sítáàṣì àti òwú tí kò dúró dáadáa kúrò. Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí o lo aṣọ òwú tuntun, fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí o tó mú un dé ibi iṣẹ́. Ṣọ́ra fún àdìrẹ àti àǹkárá tí aró wọn ṣì ń ṣí. Wọ́n lè kun férémù funfun.

Táwẹ́ẹ̀lì náà ń mu omi gan-an, ṣùgbọ́n okùn róbótó róbótó tí ó wà lójú rẹ̀ máa ń tú òwú, ó sì máa ń fi iyanrìn pamọ́. Má ṣe fi nu ojú dígí. Tẹ́ ẹ sí abẹ́ fèrèsé kí ó máa gba omi tí ń ṣàn sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ kì í ṣe aṣọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pẹ́ tí àwọn tí ń nu fèrèsé ti ń lo aṣọ ọ̀gbọ̀ tí a hun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà, ó máa ń le gbagidi, wọ́n ní láti rẹ ẹ́ kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kí ó tó rọ̀. Lẹ́yìn èyí, kì í tú òwú rárá. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn aṣọ òwú tí àwọn dókítà fi ń nu ọwọ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, nítorí pé ó ń mu omi, fífọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà sì ti mú òwú wẹ́wẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ìwọ náà rí i pé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì: aṣọ tí a ti fọ̀ títí ni wọ́n ń wá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí o lọ máa ṣa aṣọ tí ilé ìwòsàn kó dànù. A kò mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Aṣọ òkìrìkà pẹ̀lú, sísè ni kí o kọ́kọ́ sè é nínú omi híhó bí ó bá jẹ́ òwú, kí o tó fi ọwọ́ rẹ fún un.

Awọ rírọ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń nu mọ́tò náà wúlò. Awọ àgùntàn ni a sábà fi ń ṣe é. Òróró ẹja ni a fi ń ṣiṣẹ́ lé e lórí títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ. Kò ní òwú tí yóò tú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mu omi púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wọ́n, ó ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ọṣẹ líle sì máa ń fọ òróró ara rẹ̀ dànù títí yóò fi gan bí awọ ìlù. Rírẹ ni à ń rẹ ẹ́ kí a tó lò ó. A kì í lò ó ní gbígbẹ.

Aṣọ tí ó dé kẹ́yìn ni máíkírófáíbà. Ní 1970 ni Miyoshi Okamoto ti ilé-iṣẹ́ Toray ní ilẹ̀ Japan rí ọgbọ́n ṣíṣe okùn tí ó tín-ín-rín gidigidi. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni irú okùn bẹ́ẹ̀ wá gbajúmọ̀ ní Yúróòpù fún nínu ilé. Okùn náà tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó gùn tó kìlómítà mẹ́sàn-án kò fi tó gíráàmù kan. Pọ́lísítà àti náílọ́ọ̀nù ni a pa pọ̀ láti fi ṣe é. O lè bi mí pé, ṣé pọ́lísítà tí mo ti ní kì í mu omi náà ni? Òun ni. Ṣùgbọ́n a ti la okùn náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni la ọsàn, àárín àwọn ìlà wẹ́wẹ́ náà ni omi, eruku àti ọ̀rá ń sá pamọ́ sí. Fún dígí, èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ ni kí o rà. Fi èyí tí ó ní irun gígùn sílẹ̀ fún eruku orí tábìlì.

Àwọn ohun mìíràn wà tí a ń lò tí kò yẹ. Léèsì àti aṣọ pọ́lísítà lásán ń ti omi kiri ni, wọn kì í mu ún. Gígékù aṣọ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ lè dára bí ó bá jẹ́ òwú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ máa ń tú. Ṣẹ́ ẹ ní etí kí o tó lò ó. Ìwé ìròyìn tí àwọn ìyá wa máa ń lò lè ran ilé ara ẹni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá rin yóò ya, yíǹkì rẹ̀ yóò sì kun ọwọ́ àti férémù. Kì í ṣe ohun-èlò ẹni tí ń gba owó iṣẹ́.

Báwo ni o ṣe lè dá aṣọ rere mọ̀ lọ́jà, níbi tí gbogbo òǹtajà ti ń sọ pé tòun ni ó dára jù? Ọ̀nà mẹ́rin nìyí.

(i) Kán omi sí i. Bí omi bá wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dára. Bí ó bá dúró lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò, yálà sítáàṣì wà lára rẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ pé kì í mu omi rárá.

(ii) Fi ra aṣọ dúdú kan dáadáa, kí o sì wò ó bóyá òwú funfun lẹ̀ mọ́ ọn.

(iii) Bí wọ́n bá ní máíkírófáíbà ni, fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ fà á jẹ́jẹ́. Ojúlówó tí a la okùn rẹ̀ máa ń kọ́ awọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ gbọ̀rọ́, pọ́lísítà lásán ni.

(iv) Bí wọ́n bá ní òwú gidi ni, tí o sì ti rà á, fa okùn méjì tàbí mẹ́ta yọ nínú rẹ̀, kí o fi iná sí i níbi tí kò sí ohun tí ó lè gbiná. Òwú yóò jó bíi bébà, yóò sì fi eérú sílẹ̀. Pọ́lísítà yóò yọ́, yóò sì di kóró líle.

Rírà nìkan kọ́. Lílò ni ọ̀gá. Bí dígí bá fẹ̀, omi ọṣẹ ni a fi ń kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, a ó sì fi ọ̀pá onírọ́bà fa omi náà sílẹ̀. Ettore Steccone, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó lọ gbé ní Oakland ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe irú ọ̀pá fífúyẹ́ tí a mọ̀ lónìí, ní 1936. Níbi tí a bá ti lo ọ̀pá yìí, etí dígí àti ẹnu rọ́bà nìkan ni ó kù fún aṣọ láti nù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Agége àti Oko Ọba ni ó ṣì ní fèrèsé lúfà. Dígí lúfà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pá onírọ́bà kò rí àyè yí sí níbẹ̀. Aṣọ ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, láti fífọ̀ títí dé gbígbẹ. Etí lúfà sì mú. Aṣọ tí a bá ṣẹ́ po ni yóò dáàbò bo ìka wa. Ìdí nìyí tí yíyan aṣọ fi ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ tiwa ju ti ibòmíràn lọ.

Ṣẹ́ aṣọ rẹ sí méjì, kí o tún ṣẹ́ ẹ sí méjì. Yóò fún ọ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Bí ojú kan bá dọ̀tí, yí i sí òmíràn. Ẹni tí ó ká aṣọ rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù kò mọ èyí tí ó mọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ní aṣọ mẹ́rin ó kéré tán: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún gbígbẹ, ọ̀kan fún etí àti férémù, ọ̀kan ní ìpamọ́. Jẹ́ kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, kí èyí tí a fi nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má baà ṣèèṣì dé ojú dígí. Má ṣe nu dígí nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ń ràn sí i, nítorí omi yóò gbẹ kí aṣọ tó dé ibẹ̀.

Kókó kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju gbogbo èyí lọ. Ká ní òṣìṣẹ́ kan wà lórí àkàbà, aṣọ rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ sínú eruku. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gòkè láti máa bá iṣẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ kò rí ohunkóhun lára aṣọ náà, ṣùgbọ́n iyanrìn ti wọ inú rẹ̀. Ojú dígí kan tí ó bá fi nù lẹ́yìn èyí tó láti ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Aṣọ tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ ti parí iṣẹ́ fún ọjọ́ náà, àfi tí a bá fọ̀ ọ́. Ìdí tí a fi ń fi aṣọ ìpamọ́ kọ́ ìgbànú nìyẹn, kí a má baà máa sáré gùn, kí a má baà máa sáré sọ̀. Àkàbà kì í ṣe ibi eré.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìtọ́jú ni ó kù. Ya máíkírófáíbà sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ òwú nígbà fífọ̀, nítorí yóò ṣa gbogbo òwú wọn mọ́ra. Má ṣe sè é, má ṣe lọ̀ ọ́, nítorí iná máa ń yọ́ okùn rẹ̀. Má ṣe fi ọṣẹ olóòórùn dídùn tí ń mú aṣọ rọ̀ fọ èyíkéyìí nínú wọn; ó ń fi ọ̀rá bo okùn, aṣọ kò sì ní mu omi mọ́. Fi omi tí ó mọ́ ṣan wọ́n títí ìfófòó ọṣẹ yóò fi tán. Awọ ni kí o fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan, kí o tẹ omi inú rẹ̀ jáde láì lọ́ ọ, kí o sì sá a sí ibi tí oòrùn kò sí. Ní ìgbà ọyẹ́, má ṣe sá aṣọ iṣẹ́ sórí ọgbà lẹ́bàá títì. Eruku tí o ń sá fún yóò ti bá ọ délé. Àkísà tí ó bá sì ti mu ọ̀dà olóròóró kò gbọdọ̀ wà ní kíká jọ sínú àpò, nítorí irú wọn mìíràn lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ kí o tó sọ ọ́ nù.

Ẹnìkan lè sọ pé wàhálà yìí ti pọ̀ jù fún àkísà lásán. Kí ó ṣe ìṣirò. Àkísà rere mẹ́rin lè má wọ́n ju oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan lọ, bí ó bá sì jẹ́ bẹ́díṣíìtì àtijọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dígí kan tí ó ní àpá yóò máa sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà láìdáa ní gbogbo àárọ̀ tí oòrùn bá ti là, lójú ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un.

Ní ìkádìí, mo ti ṣe àlàyé pé ìdọ̀tí ni a ń kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó mọ aṣọ. Pé aṣọ rere ń mu omi, kì í tú òwú, kò sì ní ohun líle lára. Pé òwú tí a ti fọ̀ títí àti máíkírófáíbà tí ó jẹ́ ojúlówó ni ó rọ̀ wá lọ́rùn jù. Àti pé aṣọ tí kò mọ́ burú ju àìsí aṣọ lọ. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá fi òye ṣe kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, ìbáà ṣe lórí àga ọ́fíìsì tàbí lórí àkàbà lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó ní òun yóò nu dígí fún ni: aṣọ ọwọ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
1. Tọ́ka sí ibi mẹ́ta nínú àròkọ yìí tí a ti sọ ìdí ohun kan, kì í ṣe ohun náà nìkan.
2. Lo irú ìlapa èrò tí ó wà lókè láti kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Yíyan ìgbálẹ̀ tí ó yẹ fún àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, (b) Bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀bẹ ilé ìdáná.